Ohùn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ibi iṣẹ́ náà ní Damastown ni mo ti fura sí wọn. Mẹ́ta ni wọ́n, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, ará Ìlú Ọba ni gbogbo wọn, wọ́n jókòó yí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ká bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Kò sí gìtá lọ́wọ́ ẹnì kankan. Wáyà ló kún ilẹ̀. Obìnrin náà tẹ nǹkan kan lórí kíbọ́ọ̀dù, ilé mì tìtì, ó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Mo dúró ti mọ́ọ̀pù mi, mo ń wò wọ́n. Wọ́n ní olórin ni wọ́n. Olórin wo ni kì í lu nǹkan, tí kì í fọn nǹkan, tó jẹ́ pé ìwé ló ń kọ?

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Mo wá tọrọ ààbò ní Dublin ni, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, èsì ìwé wa kò sì tíì jáde. Òfin wọn nígbà yẹn ni pé ẹni tí kò tíì gba èsì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Èmi ń ṣiṣẹ́. Àlhájà kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ló gbà wá sí yàrá kan nínú ilé rẹ̀ tuntun ní Ongar, òun ló sì ti ń tọ́jú ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ kó tó rí iṣẹ́ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún mi ní káàdì rẹ̀, mo ń fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá ará Ireland tó ni ibẹ̀ wo àwòrán inú káàdì, ó wo ojú mi, ó ní "You're grand," bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò séwu nìyẹn, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Bí àṣírí bá tú, lẹ́tà tí à ń dúró dè á jáde ní "rárá," wọ́n á sì gbé èmi àti ọmọ mi sínú ọkọ̀ òfurufú padà. Ohun tó lé mi kúrò nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tibí, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo lè padà lọ bá.

Ìgbà tí owó ń ya wọ Ireland ni, ìgbà tí àwọn fúnra wọn ń pè ní ìgbà ẹkùn. Kíréènì kún ojú sánmà. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń ráyè yẹ káàdì ẹlòmíràn wò dáadáa. Bàbá yẹn pín ilé ìkẹ́rù ńlá rẹ̀ sí méjì: páálí táìlì ló kún apá kan, apá kejì jẹ́ yàrá tí àwọn olórin ń háyà láti fi dánra wò àti láti fi gba orin sílẹ̀. Obìnrin tí mo ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Òun àti àwọn ọkùnrin méjì yẹn ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan nílùú wọn. Àwọn ìwé ìròyìn yìn ín, àwọn èèyàn kò rà á. Àwọn tó ń gbé orin wọn jáde ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan sí i, bí kò bá tà, kí kálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá fi ọdún náà pamọ́ sí Damastown. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ gbogbo èyí. Nígbà yẹn, ohun tí mo rí ni òyìnbó mẹ́ta tí kò ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀.

Gílóòbù pupa kan wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Tó bá ti tàn, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, mo ń gbé garawa kọjá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tẹrí sẹ́nu iṣẹ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i? Bó bá jẹ́ níwájú ìyá mi ni, á ti gbá mi létí. Ẹnu mi ti là kí n tó rántí gílóòbù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìlù sọ ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Obìnrin náà kò bínú. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn mi sì jáde látinú àpótí: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ara mi bù máṣọ. Ó ní òun máa pa á rẹ́, pé kí n má ṣèyọnu, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un, mo sì ní "Ẹ ṣé" ni wọ́n fi ń dáhùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé yẹn.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún Àlhájà. Ó ń gé ilá lọ́wọ́, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣọ́ra o," ó ní. "These people, wọ́n á máa smile fún ẹ, wọ́n á ní craic lásán ni, pé eré ni. Kò sí craic kankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú ọmọkùnrin kan ní Swords nìyẹn. Ó ń bá ẹnì kan gist níbi iṣẹ́, he didn't know it was immigration. Ohùn ẹ, evidence ni."

Mi ò bi í bóyá òun mọ ọmọkùnrin Swords náà. Mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ló dúró sí mi létí, mo sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí sí ìbéèrè obìnrin yẹn. Tí mo bá ń fọ ife ní ọ́fíìsì, á wá fẹ̀yìn ti ògiri. Ìlú wo ni mo ti wá? Kí ni ìyá mi ń ṣe? Ṣé ilé wa ní àgbàlá? Ta ló kọ́ mi ní orin tí mo máa ń kùn tí mo bá ń nulẹ̀? Àwọn ìbéèrè tí ọkùnrin kan bi mí ní ọ́fíìsì ìjọba gan-an nìyẹn, òun náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń dáhùn. Nítorí náà mo parọ́. Mo ní Èkó ni wọ́n bí mi sí. Mo ní ìyá mi ń ta aṣọ. Irọ́ tí mo bá pa lọ́jọ́ Ajé, mo máa ń gbàgbé rẹ̀ tó bá fi di Ọjọ́rú, màá tún pa òmíràn. Kò bá mi jiyàn rí. Ìyẹn gan-an ló mú kí n túbọ̀ fura sí i, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé ò ń parọ́ tí kò sì sọ̀rọ̀, ó ní ohun tó ń kó jọ.

Ìyá mi kò ta aṣọ rí. Ọ̀yọ́ ló wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ohùn rẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti ń rọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gba ìpè, èmi náà á ra káàdì, màá fi fóònù ọ́fíìsì pè wọ́n. Bàbá kì í sí nílé iṣẹ́ lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀, ó sì ti ní kí n máa lò ó. Torí pé ọwọ́ mi máa ń wà nínú omi, mo máa ń jẹ́ kí ohùn wọn jáde síta. Ìyá mi gbà pé ibi tí mo wà jìnnà débi pé àfi kéèyàn pariwo. Á sọ ti ilé, á sọ ti òjò, á sọ ti ọmọ tí kò mọ alífá rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Tí mo bá ti wí fún un pé "Màámi, ó ti ń tán o," á gé ọ̀rọ̀ yòówù tó wà lẹ́nu rẹ̀, á sì ṣe àdúrà kan ṣoṣo tó máa ń ṣe: "O ò ní ṣìnà ilé." Èmi á ṣe àmín níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi á ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìlà á já.

Jímọ̀ọ̀ kan, ó gbọ́ ìró tó ń jáde látinú yàrá lẹ́yìn mi. Ó ní àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mo ní àwọn òyìnbó kan ni. Ó bi mí bóyá mo ti kí wọn. Mo ní wọn kò gbédè. Ó ní ṣé wọn kì í ṣe èèyàn ni, ó sì gbé ohùn sókè láti Ọ̀yọ́, ó kí gbogbo ilé iṣẹ́ náà kú iṣẹ́. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, obìnrin olórin yẹn ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó tẹjú mọ́ fóònù, ó sì fi ahọ́n rẹ̀ tó wọ́ sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, á kọ́kọ́ béèrè "ọmọ tó ń kíni yẹn" kó tó béèrè èmi. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Mo ń jowú, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá báyìí. Ní Jímọ̀ọ̀ kan, ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo ṣí press, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ife sí, nítorí mo fẹ́ po tíì. Lẹ́yìn páálí tíì, mo rí ẹ̀rọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Iná pupa kékeré kan ń tàn lára rẹ̀. Tààrà ló dojú kọ tábìlì tí fóònù wà. Bí mo ṣe ń wò ó ni ìyá mi ń bi mí, pẹ̀lú ariwo rẹ̀ yẹn, pé ṣé ìwé wa ti jáde, àbí orúkọ Àlhájà náà ni mo ṣì fi ń ṣiṣẹ́.

Mo gé fóònù náà. Kò tíì ṣàdúrà.

Ẹ lè ní òyìnbó wo ló gbọ́ Yorùbá. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ọmọ ilẹ̀ wa ni ògbufọ̀ tó jókòó ti ọkùnrin yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, á gbọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà dání, mo wọ inú yàrá wọn pẹ̀lú gílóòbù pupa tó ń tàn, mi ò kí ẹnì kankan. Mo bi obìnrin náà pé ta ló rán an sí mi.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe orin nìyẹn, àwọn máa ń kó ìró jọ: ìró ilẹ̀kùn, ìró garawa, ìró bọ́ọ̀sì. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ orin kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀ọ̀. Ó fẹ́ sọ fún mi tí orin náà bá gbó, ó ń bẹ̀rù pé mo máa kọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbò ó, òtítọ́ rẹ̀ yẹn sì tún bí mi nínú sí i. Mi ò gba ẹyọ kan nínú rẹ̀ gbọ́.

"Pa á rẹ́," mo ní.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó fi hàn mí lójú ẹ̀rọ náà, àwọn nọ́ńbà ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi mọ́. Kò tó mi. Mo ní kó fún mi ní díìsì tó wà nínú rẹ̀. Ó kéré, inú ike onígun mẹ́rin ló wà. Mo gbé e sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ àga irin kan lé e, mo sì jókòó sórí àga náà. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá dìde, mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé bí mo bá gbọ́ ohùn ìyá mi níbikíbi láyé yìí, ilé ẹjọ́ ni màá bá wọn dé. Èmi tí kò níwèé, èmi tí mò ń jẹ́ orúkọ olórúkọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kejì wọn jáde, ó sì gbayì. Inú ilé ìtajà ńlá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nídìí àwọn ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ìpolówó fóònù alágbèéká, ó ń jáde láti inú ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ní Ongar, àwòrán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé bàbá wọn ń kọrin ní pápá fún èèyàn tí kò lóǹkà. Mo ra síìdì náà. Mo fi ẹ̀rọ àfetígbọ́ ọmọ mi sétí, mo ń gbọ́ ọ tí mo bá ti ń lọ aṣọ, mo ń gbọ́ ọ tí mo bá ń gúnyán. Olè ni mò ń wá. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé wọ́n lè yí ohùn èèyàn sẹ́yìn, wọ́n lè fà á gùn títí á fi dà bí atẹ́gùn, nítorí náà gbogbo ibi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ nínú orin wọn, mo ń dá a dúró, mo ń tún un gbọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Orin kẹfà nìkan ni mo máa ń fò, nítorí kíbọ́ọ̀dù lásán ni, kò sí ẹni tó lè fi ohùn pamọ́ síbẹ̀. Àlhájà ní kí n sinmi. Mo ní wọ́n gbọ́n ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Kó tó di ìrun Alásárì, wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ìwé mi kò tíì jáde, ẹni tó bá sì jáde láìníwèé kò ní padà wọlé, nítorí náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ongar, mo ń sunkún, ọmọ mi ń fi aṣọ ìléwọ́ rẹ̀ nù mí lójú. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi wá ohunkóhun tí ohùn Màámi wà nínú rẹ̀. Ó ní kò sí. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n yà fún káàdì ìdìbò. Ta ni ì bá rántí pé kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò síbi tí a kì í tí í gbọ́ ọ?

Mo mọ ẹni tó rántí. Ohùn ìyá mi wà nílẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, ó mọ́ ketekete, mo sì jókòó lé e títí ó fi fọ́.

Láti ìgbà náà ni ìfura mi ti yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí wọ́n jẹ́ olè. Mo ní lọ́kàn ara mi pé òyìnbó kì í ní nǹkan kan ṣoṣo, wọ́n á ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á ti fi í pamọ́ síbì kan. Ọjọ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù kẹta wọn jáde, èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣí i. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn mi pé kí wọ́n ti jí i. Kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ní wọ́n ti ń gbéra ga, rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò tà tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin jáde, rédíò kò gbé e, èmi ra á. Kò sí níbẹ̀ náà. Nígbà tó yá, mo kà á nínú ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ kan nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn ọkùnrin méjèèjì ti jà, pé ẹgbẹ́ olórin náà ti tú ká. Mo ṣe "yéè" sókè, obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ẹni mi kan ló kú.

Ìwé èmi náà ti jáde lákòókò yẹn, mo sì ti ń fi orúkọ ara mi ṣiṣẹ́. Pápákọ̀ òfurufú lẹ́bàá Swords ni mo wà, ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ àpò èrò wò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà mí, wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo ní mo mọ èèyàn í fura sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí obìnrin olórin yẹn lórí ìlà. Òun nìkan ni. Ó ti gé irun rẹ̀, ó gbé kíbọ́ọ̀dù sínú àpò dúdú kan. Àpò náà kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ, kò sí nǹkan èèwọ̀ kankan nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú rí i bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ẹnìkejì mi pé màá yẹ yoke yìí, ẹrù yìí, wò fúnra mi. Mo ní kí obìnrin náà tẹ̀ lé mi síbi tábìlì ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀, kí n pàdánù rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Ó wò mí pẹ́. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ma," ó sì gbé ohùn sókè níbi tí ìyá mi máa ń gbé e sókè. 

Mo ṣí síìpù àpò rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Mo bi í bóyá ó ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ibòmíràn kó tó pa á rẹ́ lójú mi. Ó ní rárá, ó ní òun búra, ṣebí mo rí i.

"Mo rí ọ," mo ní. "Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé o purọ́."

Kò yé e. Mo wá sọ fún un pé ìyá mi ti kú, pé kò sí ohùn rẹ̀ níbì kankan. Ó gbé ọwọ́ lé orí kíbọ́ọ̀dù náà. Mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀ nínú ọkàn mi bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi, mo sì tún rí i bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ lásìkò yẹn.

"Ohùn yẹn ti lọ," ó ní. "Mo pa á rẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo jẹ̀bi rẹ̀. Orin kẹfà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kejì. Ohun tí Màmá máa ń sọ gbẹ̀yìn kí fóònù tó já, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ti wọ̀ mí lórí, mi ò lè yọ ọ́ kúrò. Bó ṣe ń gbé e sókè àti bó ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo tẹ̀. Mo rò pé ẹ ti mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí ìwé ẹjọ́ yín."

Àṣé bí mo ṣe ń ṣọ́ ọ lòun náà ṣe ń ṣọ́ mi. Ó bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Mi ò sọ fún un. Ó ti wọ ọkàn mi pé ó lè máa sọ èyí kí n lè fi í sílẹ̀ kó bá ọkọ̀ rẹ̀. Mo fa síìpù pa, mo ti àpò náà sí i. Mo ní, "You're grand," ó sì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta, ni mo délé. Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo fi síìdì náà sínú ẹ̀rọ, mo lọ sí orin tí mo ti ń fò láti ọdún mélòó kan wá. Kíbọ́ọ̀dù ni mo gbọ́. Mo tún un gbọ́. Ìró méje ni, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń tún padà wá: re, dò, mí, dò, dò, re, mí. Ó jọ ohùn Màámi. Ṣùgbọ́n èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, mi ò sì yọ ara mi sílẹ̀. Ẹni tí ebi ohùn kan bá ń pa, á gbọ́ ọ nínú kẹ́tùlù tó ń hó. Mo pe ọmọ mi, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá, mo ní kó fetí sí i. Ó gbọ́ ọ díẹ̀.

"It's only a keyboard, Mam," ó ní. "It's kind of sad, like." Ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ, mi ò sọ nǹkan kan nípa obìnrin olórin tàbí nípa Màámi. Mo kàn ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi," mo gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ìró méje náà jáde. Ó dúró. Ó tún jáde. Mo gbé fóònù padà sétí. Ariwo àwọn ọmọdé nínú àgbàlá wa ni mo ń gbọ́, kò sí ẹlòmíràn. Mo rò pé ìlà ti já. Mo tún rò pé ó ń wá bó ṣe máa sọ fún mi pé Ireland ti dà mí lórí rú.

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Àmín," ó ní.